Ẹ Má Ra Áyọ́ọ̀nù Irun Lálẹ́

Ibì kan wà lórí mi, lápá òsì, lókè etí díẹ̀, tí irun rẹ̀ kò ká mọ́. Kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Bí mo bá da omi sórí, irun yòókù á káko, wọ́n á sún mọ́ra bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ yẹn á kàn sùn sílẹ̀ gbọọrọ bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sẹ́yìn mi ní lẹ́kíṣọ̀, tí ẹ ti ń bi ara yín pé kí ló dé tí ọmọ yìí máa ń fi síkáàfù kékeré bo ẹ̀gbẹ́ orí kan, ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù irun ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní flat iron. Mo ti ra méjì láyé mi. Èyí àkọ́kọ́ ló dá ẹjọ́ sílẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá mi, torí orí tiwọn ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Màmá mi kì í ṣí orí. Nínú ilé o, ní yàrá o, nígbà tí ooru Mowé bá mú débi tí a fi ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì, síkáàfù wà lórí wọn. Irun iwájú wọn ti lọ, láti etí kan dé èkejì, ibẹ̀ ti ń dán. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi lo kírímù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, bí wọ́n bá sì ti fọ kírímù kúrò tán, wọ́n á ní kí wọ́n ran wéfọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kí wọ́n fà á dáadáa. Wọn ò sọ fún wa rí pé ó dùn wọ́n. Nígbà tí mo wà ní SS 2 tí mo ní mi ò fi kírímù sórí mọ́, tí mo lọ gé gbogbo rẹ̀ ku bíńtín, mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kí irun ẹnì kan ṣáà pé nínú ilé yìí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ru gbólóhùn yẹn kiri.

Ó wá di ọdún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Ìfọ̀. Àwa mẹ́fà la máa ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó. Aṣọ kan náà, bàtà kan náà, irun kan náà: kí a na irun, kí a kó o sẹ́yìn, kí a so ó ní ojú kan. Àwọn márùn-ún yòókù ní kírímù lórí. Èmi nìkan ni irun mi le. Ìyàwó pè mí lórí fóònù.

"Wíìgì ńkọ́?"

Mo ní rárá, ooru.

"Kírímù díẹ̀ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń fi sí orí ọmọdé?"

Mo ní rárá kẹ̀.

"O ò ní dójú tì mí lọ́jọ́ ayé mi o."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo máa ra áyọ́ọ̀nù. Ọgbọ́n tí mo rò pé mo gbọ́n nìyẹn. Kírímù kì í padà, áyọ́ọ̀nù máa ń padà. Lọ́jọ́ Sátidé irun á nà, lọ́jọ́ Àìkú mo máa fọ̀ ọ́, á ká padà, màmá mi ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Ó yẹ kí n ti rà á ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n test wà, assignment wà, ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo tó rí àyè, aago méje ti kọjá. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tún ni, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe Holy Ghost Service ní Redemption City, ẹni tó bá ti dúró ní ibùdókọ̀ Mowé lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí mò ń wí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn, olókadà ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn kọjá, èrò ń wọ́, ẹni tó ń ta gààrí ń kígbe lé ẹni tó ń ta omi. Láàárín gbogbo ìyẹn ni arákùnrin kan tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ó kó tòkunbọ̀ lé e: blender, áyọ́ọ̀nù aṣọ, fáànù kékeré, àti nǹkan irun bíi méje tí wáyà wọn lọ́ mọ́ra bí ejò. Ó fi tọ́ọ̀ṣì há ẹnu, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tú wáyà. Mo mú ọ̀kan tó fẹ̀, tó dúdú, tó wúwo. Wọ́n kọ 450 gàdàgbà sára rẹ̀.

Mo rí 450, inú mi dùn. Mo ní irun mi le, nǹkan tó lágbára ló yẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará mi, mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé 450 kí ni.

"Ojúlówó Amẹ́ríkà ni, Àǹtí," arákùnrin yìí sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó kì í bọ àpótí irin kékeré kan, ó ki àpótí náà bọ jẹnẹrétọ̀ ẹnì kejì rẹ̀ tó ń ta fóònù. Kò pẹ́ tí iná pupa fi tàn. "Ẹ fọwọ́ kàn án." Mo fọwọ́ kàn án, mo sì tètè yọ ọ́. Ó gbóná lóòótọ́. Ó pe ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo ná an dé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀, mo rò pé mo ti rẹ́ ẹ jẹ. Àpótí irin yẹn, mo rò pé ibi tí wọ́n kàn ń ki nǹkan bọ̀ lásán ni. Kò sọ fún mi, èmi náà ò bi í. Bóyá òun náà rò pé mo mọ̀.

Ilé dá. Màmá mi àti àwọn yòókù ti lọ sí Ìfọ̀ láti àárọ̀, wọ́n lọ bá wọn gé àlùbọ́sà. Mo fọ irun, mo fi tówẹ̀lì nù ún, mo ní n ó dúró kó gbẹ. Bí mo ṣe ń dúró ni wọ́n mú iná dé, iná tó mọ́lẹ̀ yòò, irú èyí tí gbogbo àdúgbò máa ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ? Mi ò dúró mọ́. Mo fi pòmédì pa orí, mo wá ohun tí mo lè fi ki ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ yẹn bọ ògiri, mo kì í.

Àkọ́kọ́, ó ṣe ṣììì. Èéfín jáde. Mo ní omi ni. Mo fà á dé ìsàlẹ̀, mo wo dígí, mo rẹ́rìn-ín. Irun náà nà, ó ń dán, ó kàn mí léjìká! Èmi tí irun mi kì í kọjá etí. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì lójú kan náà, torí pé ó dùn mọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ òórùn. Ẹ mọ òórùn ibi tí wọ́n ti ń jó irun ara àgbò lọ́jọ́ iléyá? Òun gan-an. Mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó kàn. Ibẹ̀ ni ike ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó dún pàù, iná inú rẹ̀ kú, mo jù ú sílẹ̀, ó jó kápẹ́ẹ̀tì wa. Àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, a fi àga bò ó.

Bí mo ṣe jókòó nìyẹn láago mẹ́sàn-án alẹ́, apá kan orí nà gbọọrọ, èyí tó kù le koko.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde, gèlè lórí. Láti Mowé dé Ìfọ̀, bí ẹyẹ bá fò ó, kò jìnnà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà márosẹ̀ méjì ni wọ́n wà. Mo gba Ìbafò, Magboro, Kara, mo sọ̀ ní Berger, mo tún wọ ọkọ̀ dé Sango, láti Sango mo wọ ti Abẹ́òkúta tó ń já èrò sí Ìfọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, mò ń fọwọ́ kan ibi tó nà náà lábẹ́ gèlè. Ó rí bí okùn ike.

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi ni àbúrò ìyá bàbá mi. Ìyá Onídìrí ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi òòyà sílẹ̀, ojú ò ríran dáadáa mọ́. Wọn ò dá mi lóhùn ìkíni tán tí wọ́n fi fà mí wọ yàrá. Wọ́n tú gèlè. Mo ń retí ariwo. Wọ́n mú irun náà sáàárín ìka méjì, wọ́n yí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lo fi jó o?"

Mo sọ fún wọn.

"Ṣé o dán an wò lára bébà?"

"Bébà wo, mà?"

Wọ́n ṣe họ̀ọ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń ṣiṣẹ́, kó tó di pé kírímù gbòde, kóòmù irin làwọn fi ń na irun, stretching comb, tó nígi lọ́wọ́. Orí sítóòfù ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n á fi fásílíìnì pa etí oníbàárà, wọ́n á ní kó di etí mú, kó má mira. Bébà funfun máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Bí kóòmù bá kúrò lórí iná, bébà ló kọ́kọ́ ń kàn. Bí bébà bá pọ́n, wọ́n á fẹ́ ẹ nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ìgbà tó bá funfun ni wọ́n tó gbé e dé orí ọmọ ọlọ́mọ. "Kóòmù wa ò ní nọ́ńbà," wọ́n ní, "bébà ni nọ́ńbà wa. Ìwọ tí tìẹ ní nọ́ńbà, kí ló ṣe ọ́?"

Mi ò ní èsì.

Kóòmù irin yẹn ní ìtàn o. Àwọn kan máa ń sọ pé Madam C. J. Walker, obìnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1867, tó fi ọjà irun di olówó ńlá kó tó kú ní 1919, ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe òun. Irin gbígbóná fún irun ti wà ní Paris kó tó bẹ̀rẹ̀ òwò. Marcel Grateau tó ń ṣe irun níbẹ̀ ti ń fi ẹ̀mú gbígbóná ká irun àwọn obìnrin òyìnbó ní 1872. Ohun tí Madam Walker ṣe ni pé ó kọ́ àwọn obìnrin dúdú ní iṣẹ́, wọ́n sì ń gbé òòyà gbígbóná àti pòmédì láti ilé dé ilé. Bó ṣe wá dé orí sítóòfù ní Ìfọ̀, ìyẹn ọ̀nà tó jìn. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Onídìrí nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ò mọ Madam kankan, ọ̀gá àwọn ló kọ́ àwọn.

Ká padà sí àárọ̀ ọjọ́ náà. Aago méje ti lù, wọ́n máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní mẹ́wàá. Ìyá Onídìrí ní kí n lọ mú òwú dúdú wá nínú àpótí. Wọ́n fọwọ́ ya irun mi sí ọ̀nà méjìlá, torí ojú wọn, wọ́n ní kí n máa sọ bóyá ó tọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o, láti ìdí dé orí, wọ́n ń fà á, wọ́n ń wé òwú mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ìka wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Ibi tó jóná, wọn ò fà á. Wọ́n kó o ní ìrọ̀rùn bí ẹni ń di ọgbẹ́. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n tú òwú ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, irun mi ti nà. Kò nà bíi ti áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ó nà tó èyí tí wọ́n lè kó sẹ́yìn kí wọ́n so. Kò sí iná kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí àwòrán irun tí J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, ẹ máa rí irun kíkó níbẹ̀, tó dúró lórí bí ilé alájà. Ohun tí ìyá ìyá wa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo gba Berger kọjá kí n tó rántí pé ó wà.

Ìyàwó wò mí, ó ní, "Ẹ ẹ, ó mà nà o." Màmá mi ti ìdí ìkòkò jáde, èéfín lójú. Wọ́n ní, "Irun yìí dára. Kí lo ṣe sí i?"

Mo ní, "Òwú ni, mà."

Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ náà.

Lọ́jọ́ Àìkú mo fọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ká padà, àfi ibì kan. Mo tún un fọ̀. Mo bu kọndíṣọ́nà sí i, mo fi ọ̀rá bò ó fún wákàtí méjì. Ó sùn sílẹ̀ gbọọrọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka kẹ́mísírì ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ní kẹ́rátìnì ni irun, òun náà ni èékánná, òun náà ni ìwo ewúrẹ́. Ìdè oríṣi méjì ló yẹ kí n mọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní kò le. Omi lásán ń tú u, ooru náà ń tú u, bí irun bá sì ti gbẹ tàbí tó tutù tán, á tún ara rẹ̀ dè bí a ṣe gbé e kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òwú fi ń na irun, ìdí náà nìyẹn tí òjò kan ṣoṣo fi ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìdè kejì le, imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Òun ni kírímù ń já, bí kírímù bá sì ti já a, ó parí, ó di ìgbà tí irun tuntun bá hù. Áyọ́ọ̀nù tó bá gbóná níwọ̀n, ìdè àkọ́kọ́ nìkan ló ń tú. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá nǹkan bí 200 lórí ìwọ̀n Celsius, kẹ́rátìnì fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, omi ò sì lè dá a padà mọ́. Bí irun bá wá lọ́rinrin, kò tiẹ̀ ní gbóná tó bẹ́ẹ̀ kó tó bàjẹ́: omi inú irun á hó, á wá ọ̀nà jáde, á dá ihò kéékèèké sínú irun.

"450 tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, Fahrenheit ni," ó ní. "Ó lé ní 230 ní Celsius."

Ẹ wo áyọ́ọ̀nù aṣọ yín. Ó ní àmì tóótó kan, méjì, mẹ́ta. Orí mẹ́ta, èyí tí à ń lò fún aṣọ òwú, kò ju bíi 200 lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí mo gbé sórí mi gbóná ju ohun tí mo fi ń lọ àǹkárá. Bó sì ṣe yẹ kó gbóná ní Amẹ́ríkà nìyẹn o! Iná tiwọn 120 volt ni, tiwa 230. Bí iná bá di ìlọ́po méjì lára irin kan náà, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Àpótí irin arákùnrin Mowé yẹn ló ń dín iná kù. Wọ́n kọ 120V sídìí áyọ́ọ̀nù náà, ó kéré bí ẹyin kòkòrò, mo rí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ níbì kan pé, kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣé kò kúkú fi kírímù sí i? Mi ò bá ẹni tó ń lo kírímù jà, orí yín ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn olùwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde. Wọ́n ti tẹ̀lé obìnrin 33,497 fún bí ọdún 11, 378 nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Láàárín àwọn tó sọ pé àwọn lo kẹ́míkà tí ń na irun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún kan, jẹjẹrẹ yìí lé ní ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò lò ó. Wọn ò tíì fi hàn pé òun gan-an ló fà á. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi ibi yẹn pamọ́ fún màmá mi. Ilé kan náà là ń gbé tí kò bá sí lẹ́kíṣọ̀, mo sì ń so síkáàfù jẹun, mo ń so ó sùn, bíi tiwọn gan-an, èyí tó yẹ kó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kan mò ń fọrí lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ wà lójú mi, mo gbọ́ bàtà wọn. Mo fẹ́ fi tówẹ̀lì bo orí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n fi ìka kan gbé irun náà sókè.

Wọ́n ní, "Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí."

Wọ́n ṣí síkáàfù tiwọn. Nínú oòrùn, níta, níbi tí ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn fẹ́ǹsì lè ti rí wọn. Wọ́n tẹ orí wá. "Wò ó. Ẹ̀gbẹ́ etí náà ni. Kírímù ló jó mi níbẹ̀, mi ò sọ fún ìyá mi, mo ní kí wọ́n ran nǹkan lé e. Nígbà tí mo tú u, ó ti tóbi. Mo tún ní kí wọ́n ran òmíràn lé e." Mo wò ó. Mi ò rí orí màmá mi bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ó mọ́lẹ̀, ó sì kéré ju bí mo ṣe rò ó lọ.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n ní ta ló ń bínú, kí n lọ ṣan ọṣẹ. Nígbà tó dalẹ́ ni wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi. "Mo mọ̀ pé o ṣì máa fẹ́ na irun yìí lọ́jọ́ kan. Ìwọ tí o ń ka ìwé, o máa lọ fún interview, o máa ṣègbéyàwó. Bó o bá máa rà á, lọ ra èyí tó lójú. Má sì lọ lálẹ́." Wọ́n fi owó sórí tábìlì.

Ìbafò la lọ, èmi àti ọ̀rẹ́ mi oníkẹ́mísírì, lọ́sàn-án gangan, sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irinṣẹ́ sálúùnù tuntun. Mo mú bébà funfun mẹ́rin dání. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù rí bébà, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà ni?" Èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde, bọ́tìnnì kan ló ní: tàn, kú. Mo ní rárá. Kò sí bí ẹ ṣe máa bá irú rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kó rọra. Ó gbé èkejì wá, titanium, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ní òun làwọn oní-sálúùnù ń rà. Bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n fẹ́ kó tètè gbóná, oníbàárà mìíràn ń dúró. Titanium a máa gbóná kíá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá ni yóò sì jìyà rẹ̀. Èmi ò ní oníbàárà tó ń dúró. Bó sì ṣe fẹ̀ tó yẹn, kò lè dé ìdí irun kúkúrú láìjó awọ orí.

Ẹ̀kẹta ni mo rà. Tánganran ni ojú rẹ̀, kò fẹ̀ ju ínṣì kan lọ, etí rẹ̀ rí rogodo kí irun má baà há. Ọ̀rẹ́ mi fi èékánná ha ojú rẹ̀ díẹ̀, torí àwọn kan wà tí wọ́n kàn kùn ní tánganran lókè. Bó bá ti bó, á máa já irun. Ó pa á dé, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó bóyá àlàfo wà láàárín. Bí àlàfo bá wà, ẹ máa tún ojú kan náà fà lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ sì ni irun ti ń kú. Sídìí rẹ̀ wọ́n kọ 110–240V. Ojú kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà hàn ní Celsius, láti 120 dé 230, èèyàn sì lè tẹ̀ ẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Mo ní kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù tàn án. A gbé e sí 170, mo fi bébà há a, mo ka ení dé àrún. Bébà funfun. A gbé e sí 230, mo fi òmíràn há a, mo kà á bákan náà. Ó pọ́n bí àkàrà. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún òun.

Owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti Mowé lọ. Mo ná an, kò gbà.

Ẹ̀yin ará họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo mọ̀ pé wọ́n ń gba irú nǹkan yìí lọ́wọ́ èèyàn níbí, ilé lèmi ń tọ́jú tèmi sí, ẹ má wá a wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì ni mò ń lò ó, bóyá. Irun á ti gbẹ tán pátápátá. Òwú ló kọ́kọ́ ń nà án, mo máa ń kó o sùn mọ́jú, kí áyọ́ọ̀nù má baà ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Òòyà á ṣáájú, áyọ́ọ̀nù á tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀kan péré, 170. Bí iná bá rẹlẹ̀ tí kò gbóná dáadáa, mo máa ń pa á, mi ò kì í fagbára tẹ̀ ẹ́ mọ́rí. Lọ́jọ́ kejì tí mo bá fọ̀ ọ́, ó ń ká padà. Gbogbo rẹ̀, àfi ibi ìka mẹ́ta yẹn. Èyí tó hù láti ìdí ti ká, ó ti tó ìka kan báyìí, èyí tó kù lókè ṣì nà. Mo máa gé e bí a bá ṣe ìdánwò tán.

Ìgbàkígbà tí mo bá kì í bọ iná nílé, màmá mi kì í dìde níbi tí wọ́n wà ní pálọ̀. Wọ́n kàn máa ń pariwo pé, "Bébà dà?"

Mo máa ń ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."